Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Póìǹtì Gba Òtẹ́ẹ̀lì Tó Yẹ Ọmọdé Láàárín Ìlú Ńlá

Aago mọ́kànlá òru ti kọjá nígbà tí èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta wọ òtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú ńlá. Àbígbẹ̀yìn ti sùn sí mi léjìká, èyí àárín ń sunkún oorun, àgbà wọn jókòó lórí báàgì. Póìǹtì, ìyẹn ẹ̀san tí ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì máa ń fún oníbàárà wọn, tí a fi ọdún méjì kó jọ ni mo fi gba yàrá náà, inú mi sì ń dùn pé a ò ní náwó kankan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gba àlejò wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ènìyàn méjì péré ni yàrá yìí lè gbà."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo ń gba yàrá náà sílẹ̀, àgbàlagbà 2 àti yàrá 1 ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye ọmọ. A san owó yàrá kejì lóru ọjọ́ náà, ní iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó dé láìròtẹ́lẹ̀. Ọkọ mi mú ọmọ méjì lọ sí àjà kẹjọ, èmi mú ọ̀kan lọ sí àjà kẹta.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń ṣe é padà. Tẹ́lẹ̀, ibi tí póìǹtì mi bá ká ni mo kọ́kọ́ ń wò, màá wá máa fún àwọn ọmọ mọ́ ibẹ̀. Ní báyìí, ibi tó gba àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń wá, póìǹtì ló ń tẹ̀lé e. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí oorun

Ẹ má tíì ṣí áàpù kankan. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ bí ìdílé yín ṣe ń sùn sílẹ̀. Mélòó ni yín? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ta ló ṣì ń sùn lọ́sàn-án? Ta ló máa ń jí ní aago márùn-ún ìdájí? Ta ni kì í lè sùn bí iná bá wà ní títàn? Àwọn ọmọ méjì tó ń jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan nílé lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tí kì í jọ sùn nílé, òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ni wọ́n ti máa kọ́ ọ.

Mo fi oorun ṣáájú nítorí òun ló ń ba ìrìnàjò ọmọdé jẹ́ jù. Bí ọmọ ọdún méjì bá sùn ní aago méje alẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo, gbogbo yín lẹ ti sùn nìyẹn. Ẹ ó paná, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú òkùnkùn. Ìlẹ̀kùn kan láàárín ibùsùn àti pálọ̀ lè sọ alẹ́ yẹn di tiyín padà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá a ju ohun ọ̀ṣọ́ èyíkéyìí lọ.

Lẹ́yìn oorun, ẹ kọ ohun tó kù: fíríìjì fún mílíìkì tàbí oògùn, ọpọ́n ìwẹ̀ fún ọmọ tí kì í fẹ́ dúró lábẹ́ omi, lífítì, àyè kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tó jẹ́ dandan, àti èyí tí ẹ lè ṣe aláìní. Àwọn ọmọ á ní dandan ni ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ wọn, àmọ́ abala kejì ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka gbogbo orí

Púpọ̀ nínú wẹ́bùsáìtì òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń ti fi àgbàlagbà 2 àti yàrá 1 síbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ yí i padà. Ẹ fi iye àwọn ọmọ àti ọjọ́ orí wọn gan-an síbẹ̀, nítorí ọmọ ọdún 12 lè di àgbàlagbà ní òtẹ́ẹ̀lì kan, kí òmíràn ṣì kà á sí ọmọdé títí di ọdún 17. Bí ẹ bá ti kọ iye yín tòótọ́, yàrá tí kò gbà yín á kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè dùn yín pé èyí tí póìǹtì rẹ̀ kéré jù ló lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní Amẹ́ríkà, yàrá oníbẹ́ẹ̀dì ńlá méjì tó gba ènìyàn 4 wọ́pọ̀. Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú ló wà nínú ilé àtijọ́ tí yàrá rẹ̀ kéré. Ènìyàn 2 tàbí 3 ni wọ́n sábà máa ń gbà, nígbà míì nítorí òfin iná. Ẹ̀bẹ̀ kì í yí òfin iná padà.

Bí yàrá kan kò bá gbà yín, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí ẹ gba yàrá méjì. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lò níbí. "Connecting" ni pé ìlẹ̀kùn wà lára ògiri tó la yàrá méjèèjì, ẹ lè gba ibẹ̀ kọjá láìjáde. "Adjoining" kò ju pé yàrá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ké lóru. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ béèrè ìlẹ̀kùn àárín, wọn ò ní ṣèlérí rẹ̀. Láti 2021 ni Hilton, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí ẹ fi lè rí ìdánilójú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọn tó ń kópa nínú ètò náà.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, òun ni òtẹ́ẹ̀lì tí gbogbo yàrá rẹ̀ jẹ́ onípálọ̀. Ohun tí póìǹtì máa ń rà ní iye tó mọ níwọ̀n ni yàrá tí òtẹ́ẹ̀lì náà kà sí yàrá gbogboogbò, ìyẹn irú yàrá lásán tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yàrá onípálọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì aláfẹ́, póìǹtì tí wọ́n máa béèrè lè ga kọjá ààlà. Àmọ́ ní Embassy Suites, tó jẹ́ ti Hilton, yàrá gbogboogbò gan-an ló sábà máa ń ní pálọ̀ tirẹ̀, ìlẹ̀kùn láàárín, àti àga tí wọ́n ń nà di ibùsùn. Residence Inn ti Marriott, Homewood Suites ti Hilton àti Staybridge Suites ti IHG (Marriott àti IHG náà jẹ́ ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá bíi Hilton) ní ibi ìdáná nínú yàrá, oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́ sì wà níbẹ̀. Àwọn orúkọ yìí kì í tẹ́ ẹni tó ń wá afẹ́ lọ́rùn. Fún ìyá tó fẹ́ gbé mílíìkì kaná ní aago mẹ́ta òru, wọ́n ju ààfin lọ.

Ọ̀rọ̀ kíka orí ọmọ yìí ti pẹ́. Ní 1951, oníṣòwò kan ní Memphis, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Kemmons Wilson kó ìyàwó àti ọmọ márùn-ún rìnrìn àjò lọ sí Washington, àwọn ilé ìtura ojú ọ̀nà sì ń gba dọ́là 2 lé e lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Inú bí i débi pé nígbà tó di 1952, ó ṣí tirẹ̀, Holiday Inn, níbi tí ọmọ tó bá òbí rẹ̀ sùn nínú yàrá kan náà kì í san nǹkan kan. Holiday Inn yìí kan náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ètò ẹ̀san fún oníbàárà sílẹ̀ ní ìdí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ní 1983. Mo máa ń rántí bàbá yìí nígbàkígbà tí mo bá ń kọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ mi sójú áàpù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ẹsẹ̀ ọmọ wọn ọ̀nà

Ẹ wo máàpù, ẹ má wo orúkọ àdúgbò. Ìrìn ìṣẹ́jú 8 tí wọ́n kọ sójú máàpù jẹ́ ti àgbàlagbà tó ń dá rìn lọ́wọ́ òfo. Bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá wà láàárín yín, ẹ kà á sí 16, nítorí gbogbo àtẹ̀gùn àti gbogbo ẹyẹlé ojú ọ̀nà ló máa fẹ́ dúró wò.

Bí ẹ bá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, pé ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà nítòsí kò tó. Ẹ wádìí bóyá ó ní lífítì. Ní London, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré nínú ibùdó 272 ti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ lè wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn. Ní Paris, ọ̀pọ̀ ibùdó Métro ni kò ní lífítì rárá. Òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ẹ̀yìn ìlú lè dín póìǹtì 10,000 kù fún yín, àmọ́ ẹ ó fi owó ọkọ̀ àti ẹkún ọmọ san án padà.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í sábà fiyè sí. Àdúgbò báńkì àti ọ́fíìsì máa ń kún láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń ṣófo ní òpin ọ̀sẹ̀. Níwọ̀n bí Marriott, Hilton àti IHG ti ń jẹ́ kí iye póìǹtì máa lọ sókè sódò bí owó yàrá ṣe ń lọ, òtẹ́ẹ̀lì tó dára ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè rọjú gan-an lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òpópónà á dákẹ́, àwọn ọmọ á sùn. Ẹ kàn rí i dájú pé ilé oúnjẹ kan tàbí ọjà kékeré kan máa ń ṣí lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ kọ. Ẹ fo èyí tó ń yin ìgbàlejò. Àwọn òbí ni kí ẹ wá, láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn: kí ni wọ́n sọ nípa ariwo, lífítì tó bàjẹ́, omi gbígbóná? Ẹ wo fọ́tò tí àlejò fúnra rẹ̀ yà, torí fọ́tò òtẹ́ẹ̀lì máa ń sọ yàrá di gbọ̀ngàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìṣirò tó ń tan òbí jẹ

Àwọn tó mọ̀ nípa póìǹtì máa ń kọ́ ènìyàn pé kí ó mú owó yàrá, kí ó fi iye póìǹtì pín in, kí ó mọ iye sẹ́ǹtì tí póìǹtì kan mú wá. Bí ó bá pọ̀, a jẹ́ pé èrè wà. Ìṣirò náà dára fún ẹni tó ń dá rìn. Fún ìdílé, ó lè gbé yín gba ọ̀nà tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé.

Ká ní òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ń gba dọ́là 260 pẹ̀lú owó orí, tàbí póìǹtì 40,000. Póìǹtì kan jẹ́ sẹ́ǹtì 0.65. Òtẹ́ẹ̀lì kejì ń gba dọ́là 200, tàbí póìǹtì 35,000. Póìǹtì kan kò tó sẹ́ǹtì 0.58. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yẹn, ti àkọ́kọ́ ló sàn. Àmọ́ oúnjẹ àárọ̀ wà nínú ti kejì, ti àkọ́kọ́ kò ní. Bí ẹ̀yin mẹ́rin bá jẹun àárọ̀ ní dọ́là 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, dọ́là 80 ti jáde lápò yín kí oòrùn tó yọ dáadáa. Lálẹ́ mẹ́ta, ìyẹn jẹ́ dọ́là 240, ẹ sì tún ti ná póìǹtì 15,000 ju ti ibi kejì lọ. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní póìǹtì yín níye lórí níbẹ̀ ló gba owó lọ́wọ́ yín jù.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì péré ni mo ń bi ara mi: póìǹtì mélòó ni yóò lọ, owó mélòó ni yóò ṣì jáde lápò mi? Mo ń kọ méjèèjì sílẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, mo sì ń gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lára owó tó ṣì lè jáde ni oúnjẹ àárọ̀, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí tó máa ń wọ́n gan-an láàárín ìlú, owó bẹ́ẹ̀dì àfikún, owó orí àlejò, àti owó dandan kan tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìlú kan ń fi kún owó yàrá, tí wọ́n ń pè ní "destination fee".

Ti owó tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí gba àlàyé. Bí ẹ bá fi póìǹtì nìkan san gbogbo rẹ̀, Hilton àti Hyatt, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá míì, kì í gbà á. Marriott ṣì ń jẹ́ kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi póìǹtì sùn, ó sì ń dun èmi pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2025, òfin ti ní kí òtẹ́ẹ̀lì máa fi àwọn owó dandan bẹ́ẹ̀ mọ́ iye tó ń polówó. Ìyẹn mú kó rọrùn láti mọ iye owó tí ẹ fẹ́ fi póìǹtì wé.

Owó orí àlejò ní Yúróòpù sábà máa ń jẹ́ lórí orí kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, póìǹtì kì í sì í bò ó. Inú àwọn òbí á dùn láti gbọ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san án ní Faransé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kì í san án ní Róòmù. Bí wọ́n bá kà wọ́n mọ́ ọn, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè kí wọ́n yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lo òfin ètò póìǹtì fún ara yín

Marriott Bonvoy, ètò póìǹtì Marriott, máa ń fún ẹni tó bá fi póìǹtì gba alẹ́ márùn-ún ní alẹ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí póìǹtì rẹ̀ kéré jù nínú wọn. Hilton náà ń ṣe é, àmọ́ fún ẹni tó ti ní ipò Silver sókè nìkan, ìyẹn ipò tí wọ́n ń fún oníbàárà tó máa ń sùn lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá ti fẹ́ sùn fún alẹ́ mẹ́rin, ẹ yẹ ti márùn-ún wò.

Ìdílé púpọ̀ ló ní póìǹtì tó tó, àmọ́ ó fọ́n káàkiri, díẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Hilton gbà kí ẹ da tiyín pọ̀ pẹ̀lú ènìyàn tó tó 10 láìsan owó. Hyatt gbà á, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30. Marriott gbà kí ẹnì kan fi tó póìǹtì 100,000 ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́dún. IHG sábà máa ń gba owó fún un, nítorí náà mi ò kì í fẹ́ fi tiwọn ránṣẹ́.

Póìǹtì máa ń kú. Bí nǹkan kan kò bá wọlé tàbí jáde, ti Marriott, Hilton àti Hyatt á parẹ́ lẹ́yìn oṣù 24. Ti IHG lẹ́yìn oṣù 12 fún ẹni tí kò ní ipò. Ti Accor, ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Faransé, lẹ́yìn ọjọ́ 365. Àwọn òfin yìí máa ń yí, nítorí náà ẹ tún kà á lójú áàpù kí ẹ tó ṣe é. Ẹ má sì gba ibòmíràn lọ: bí ẹ bá gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú àwọn ètò yìí kò ní fún yín ní póìǹtì kankan lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀

Kì í ṣe nọ́ńbà gbogboogbò ilé-iṣẹ́ wọn. Ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, láàárín ọ̀sán, nígbà tí èrò kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo máa ń sọ pé: "Ẹ káàsán o. Àgbàlagbà méjì àti ọmọ mẹ́ta ni wá, póìǹtì la fẹ́ fi gba yàrá. Ṣé yàrá yìí gbà wá lótìítọ́?" Màá wá béèrè bóyá wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, bóyá ọ̀fẹ́ ni, bóyá wọ́n lè kọ orúkọ wa sí ọ̀kan. Bóyá àga pálọ̀ ń di ibùsùn lóòótọ́. Bóyá wọ́n ń ṣe àtúnṣe ilé lọ́wọ́. Bóyá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣí, aago mélòó ni ọmọdé sì lè wọ̀ ọ́. Níkẹyìn, màá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi wá sí yàrá tó jìnnà sí òpópónà àti sí lífítì.

Ẹ gba orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, kí ẹ ní kó kọ ohun tí ẹ jọ sọ sínú ìwé yàrá yín. Ìmeèlì kúkúrú lẹ́yìn náà dára jù, torí ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbà á, kí ẹ sì máa padà wò ó

Ẹ gbà á kíákíá, àmọ́ kó jẹ́ irú èyí tí ẹ lè fagi lé kí póìǹtì yín padà wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ ìkẹyìn ìfagilé sórí fóònù yín, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kan sí mẹ́ta ṣáájú. Láàárín ìgbà náà, ẹ máa yẹ iye póìǹtì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ gba tuntun kí ẹ tó fagi lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe é lódìkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé

Kí ẹ tó tú ẹrù, kí bàbá tàbí ìyá kọ́kọ́ wọlé wo yàrá, kí ẹnì kejì dúró ti àwọn ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ mì ín. Fóòmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún un dáadáa, kí àlàfo má sí ní ẹ̀gbẹ́, kí ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì má sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀, ẹ dá a padà. Amẹ́ríkà ti fòfin de irú rẹ̀ láti 2011 nítorí ó ti pa ọmọ.

Ẹ ti fèrèsé wò bóyá ó ń ṣí ju bó ṣe yẹ lọ. Bí bákónì bá wà, ẹ gbé àga ibẹ̀ wọlé. Ẹ fọwọ́ kan omi gbígbóná kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ẹ gbé kẹ́tùlù iná mànàmáná kúrò ní etí tábìlì, kí ẹ sì wo okùn fèrèsé tó gùn. Bí yàrá kò bá rí bí wọ́n ṣe ṣèlérí, ẹ padà lọ bá wọn nígbà tí ẹrù ṣì wà ní dídì. Ó rọrùn fún wọn láti pa yín dà nígbà yẹn ju aago mẹ́wàá alẹ́ lọ.

Nígbà tí iná ṣì wà ní títàn, ẹ mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kí ẹ fi ibi tí ìyá àti bàbá máa sùn hàn án, ẹ fi ọ̀nà ilé ìwẹ̀ hàn án, kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tan iná ibẹ̀. Ẹ fi iná náà sílẹ̀, kí ẹ pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé díẹ̀, kí wọ́n lè sùn.